Ehoro Tó Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Columbus, Ohio
12 Oṣù Kẹwàá, 2025

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí yín, mo kí orúnkún yín, mo sì kí Tíṣà Cornelius tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí ọ̀tún. Láti ìgbà tí etí yín ti wúwo, tí a kò lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́, àwọn ni wọ́n di ohùn mi lọ́dọ̀ yín. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Èmi àti Jọmílójú wà. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ lóṣù tó kọjá. Gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ ti kúrú.

Màámi, ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Nígbà tí Humairah kú níbí lóṣù karùn-ún, ẹ pàṣẹ fún mi pé kí n má sọ fún ọmọ, pé kí n ní ìyá rẹ̀ lọ sí àjò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ó lọ sí Òṣogbo lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ó di oṣù márùn-ún báyìí. Lójoojúmọ́ ni Jọmílójú ń bi mí ìdí tí ìyá rẹ̀ kò fi pè. Ó ń fi fóònù mi pe Àlàájà, ìyá Humairah, wọn kì í gbé e. Mo ti sọ pé fóònù bàjẹ́, mo ti sọ pé kò sí iná. Irọ́ ti tán lẹ́nu mi.

Ní ìparí oṣù yìí, àwọn ará ibí máa ń ṣe ọdún kan tó ń jẹ́ Halowíìn. Àwọn ọmọdé á bo ojú, wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, wọ́n á sì máa gba súìtì. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, tẹlifíṣọ̀n máa ń gbé kátúùnù kan jáde. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń gbé e jáde lọ́dọọdún, kò sì ju ìdajì wákàtí lọ. Ehoro kékeré kan ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, kò sì padà. Lọ́jọ́ ọdún náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba súìtì kiri, òun dúró sílé, ó ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó bojú, ó ń gbọ́ ohùn wọn níkọ̀ọ̀kan bóyá ẹ̀gbọ́n òun wà nínú wọn. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ẹnì kan dé tí kò fọhùn. Ó nu ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹ̀gbọ́n ehoro ti máa ń ṣe. Ó gba súìtì, ó lọ. Kò ṣí ojú. Eré parí síbẹ̀.

Bàbá kan wà níbi iṣẹ́ mi, ẹni àádọ́rin ọdún, ó ní òun kò jẹ́ kí eré náà fo òun lọ́dún kan rí, pé lọ́dọọdún ni òun àti ìyàwó òun máa ń jiyàn bóyá ẹ̀gbọ́n náà ni tàbí òun kọ́. Humairah fẹ́ràn eré yìí ju ohunkóhun lọ nílùú yìí. Òun àti Jọmílójú ni wọ́n jọ máa ń wò ó, abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan náà.

Ọmọ náà ti ń ka ọjọ́. Ó sọ fún mi lánàá pé, “Dádì, Mọ́mì máa wá lọ́jọ́ yẹn. Bó bá tiẹ̀ bojú, mo máa mọ̀ ọ́n.” Obìnrin tó ń gba àwọn ọmọ níyànjú nílé ìwé rẹ̀ ní kí n sọ òótọ́. Àyè ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un kí ọjọ́ náà tó dé.

Ọmọ yín,
Akínkúnmi


Iléṣà
17 Oṣù Kẹwàá, 2025

Akínkúnmi,

Mo gbọ́ ìwé rẹ. Ara mi rí bí ara arúgbó ṣe ń rí. Mo ń jẹun, mo ń sùn. Tíṣà kí ọ. Ó ní òun yóò yí Ìjẹ̀ṣà tí mo ń sọ sí Yorùbá inú ìwé. Mo ní kó yí i, ṣùgbọ́n kó má fi oyin sí i.

Rárá. Má sọ fún un.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ikú ṣe. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí kí wọ́n tó bí ọ. Ìyá ọmọ kú, a ní ó re àjò. Ọmọ á dàgbà, á mọ̀ fúnra rẹ̀, kò ní í sí pé ẹnì kan jókòó ṣàlàyé. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyá tèmi kú. Wọ́n ní ó lọ sí Kùmásì. Ṣé mo kú? Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo bí ọ.

Ta ni obìnrin ilé ìwé yẹn? Ọmọ aláìníyàá mélòó ló ti tọ́? Ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí.

Ní ti ehoro, bíbojú kan ilẹ̀kùn kò bà mí lẹ́rù, a ní eégún níbí. Ohun tí kò yé mi ni àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn lórí ehoro. Iṣẹ́ ni kò rí ṣe. Pa tẹlifíṣọ̀n náà. Tíṣà ní kí n fi “jọ̀wọ́” sí i. N kò fi sí i. Pa á.

Fún ọmọ ní oúnjẹ tó gbóná, má máa fún un ní búrẹ́dì lásán. Mo fẹ́ rí fọ́tò rẹ̀.

Èmi ìyá rẹ ló sọ ọ́. Tíṣà ló kọ ọ́.


Columbus, Ohio
2 Oṣù Kọkànlá, 2025

Màámi,

Mo kí yín. Ẹ má bínú pé ìkíni mi kúrú lónìí.

Mo ṣe bí ẹ ti wí. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo ní ó bàjẹ́. Jọmílójú kò sunkún. Ó wò mí, ó ní, “Bí fóònù Mọ́mì ṣe bàjẹ́?”

Ọjọ́ Ẹtì ni ọdún wọn bọ́ sí. Nírọ̀lẹ́, ó ní òun kò jáde, pé òun fẹ́ máa ṣílẹ̀kùn. Mo gbà, mo jókòó sí pálọ̀. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, Jọmílójú á ní kó kọ́kọ́ kí òun. Á tẹ́tí sí i, lẹ́yìn náà á fún un ní súìtì. Mo dìde wọ kíṣìn lọ gbé ìrẹsì kúrò lórí iná. Nígbà tí n ó fi padà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun kò sí.

Obìnrin kan tó mú ọmọ tirẹ̀ wá gba súìtì ló tẹ̀ lé. Obìnrin náà fi aṣọ funfun bo orí àti ojú, ó sì ga bíi Humairah. Jọmílójú rìn lẹ́yìn rẹ̀ láìwọ bàtà, láti òpópónà kan dé èkejì dé ẹ̀kẹta, nínú òtútù. Kò pè é. Nígbà tí obìnrin náà ṣí ojú kó lè nu imú ọmọ rẹ̀, Jọmílójú rí i pé kì í ṣe ìyá òun. Ibẹ̀ ló dúró sí, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó tó wákàtí kan àtààbọ̀ kí ọlọ́pàá tó gbé e wá fún mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí igi lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ti bá mi sọ látìgbà náà. Ó ní, “Mọ́mì mọ ilé. Kí ló dé tí kò fẹ́ wá?”

Màámi, ọmọ yìí gbà pé ìyá òun wà láyé, pé kò kàn fẹ́ òun mọ́ ni. Ẹ tú mi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un.

Akínkúnmi


Columbus, Ohio
14 Oṣù Kọkànlá, 2025

Màámi,

Ọjọ́ méjìlá rèé. Tíṣà kọ̀wé sí mi pé àwọn ka lẹ́tà náà fún yín lẹ́ẹ̀mejì, pé ẹ dìde, ẹ wọlé, ẹ kò sì wí nǹkan kan. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?

Jọmílójú kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́ mọ́. Bí mo bá ní òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ lọ wo fèrèsé. Bí mo bá ní aago méje ti lù, á lọ wo aago.

Lánàá mo gbìyànjú láìgba àṣẹ yín. Mo pè é jókòó, mo ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè gba Humairah lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ n kò tíì fi ẹnu ara mi sọ pé ó kú rí. Kì í ṣe àṣẹ yín nìkan ló dí mi lẹ́nu. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn.

Akínkúnmi


Iléṣà
23 Oṣù Kọkànlá, 2025

Akínkúnmi,

N kò bínú sí ọ. Mo ń ronú ni, èmi kì í sì í ronú kíákíá.

Mo ní kí Tíṣà wá eré ehoro náà jáde lórí fóònù rẹ̀. Mo wò ó. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kò di dandan kí èèyàn gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹni tó bojú ń nu ẹsẹ̀, Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ̀yin náà, kí lẹ ń sunkún fún? Ehoro ni.”

Ó ní, “Màmá, ẹ̀gbọ́n mi Béjidé máa ń wúkọ́ kó tó wọlé. Kì í kan ilẹ̀kùn. Á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

“Béjidé tí odò gbé?”

“Òun ni.”

“Ẹ mọ̀ pé ó kú?”

Ó ní, “Màmá, èmi ni mo fà á jáde.”

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Gbogbo àgbàlagbà tó ń jókòó síwájú eré yẹn lọ́dọọdún, wọ́n mọ̀ pé ẹni àwọn kò ní í wá. Wọ́n mọ̀ ọ́n dájú. Wọ́n kàn fẹ́ fi ìdajì wákàtí ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni, kí wọ́n sì dìde lọ jẹun. Ìdí nìyẹn tí kò fi sú wọn láti àádọ́ta ọdún. Ẹni tó ṣe é gbọ́n. Kò ṣí ojú ẹni yẹn, nítorí olúkúlùkù ló ní ojú tó fẹ́ fi síbẹ̀. Kò sí ibi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jọmílójú kò mọ̀ pé ẹni òun kú. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe eré, ìròyìn ni. Bàbá ibi iṣẹ́ rẹ ń wò ó láti fi rántí. Ọmọ ń wò ó láti fi múra de ìyá rẹ̀. Ehoro kọ́ ló ṣì í lọ́nà. Èmi ni.

Lẹ́yìn èyí mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Mo sọ̀ ní Old Garage, mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìyá Humairah, kí orúnkún ó máa ké. N kò tíì fojú kan Àlàájà Nọ́síràtù látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Fìlà ló ń rán lọ́wọ́. Kò dìde.

Mo ní, “Àlàájà, Jọmílójú ní ẹ kì í gbé fóònù òun mọ́.”

Ó ní, “Kí ni kí n gbé e sọ? Ìyá Akin, ọmọ mi kú. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yin wá ń gbé e rìn kiri. Ẹ ní ọ̀dọ̀ mi ló wà. Bí fóònù yẹn bá dún, èmi fúnra mi á wo ẹnu ọ̀nà yàrá, bóyá ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.”

Mo ní, “Ẹ bínú sí mi, ẹ jàre. Ó tọ́ sí mi.”

Ó ní, “Mo ti bínú tán lóṣù kẹfà. Ẹ jókòó, orúnkún yín ń gbọ̀n.”

Ó bu omi fún mi. A jókòó. Mo mu omi náà tán.

Ní báyìí, gbọ́ ohun tí n kò sọ fún bàbá rẹ kó tó kú. Mo kọ ọ́ sí ọ pé wọ́n ní ìyá mi lọ sí Kùmásì, pé n kò kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ tán. Ẹ̀sà-Òkè la ń gbé nígbà náà. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ń lọ dúró níbi tí ọkọ̀ ti ń já èrò. Àpá kan wà ní kókósẹ̀ ìyá mi. Nítorí náà ẹsẹ̀ ni mo ń wò, ẹsẹ̀ gbogbo obìnrin tó bá sọ̀ kalẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wò ó. Lọ́jọ́ kan, mo bá ọmọ kan jà lódò, ìyá rẹ̀ sì là á mọ́lẹ̀ fún mi níwájú gbogbo èrò: “Máa lọ bá ìyá rẹ nínú ilẹ̀!” Mo gbé omi mi padà sílé. Mo wo bàbá mi. N kò bi í ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí a fi sin ín, bó bá ní ọbẹ̀ ti jinná, mo máa ń ṣí ìkòkò wò.

O ní ọmọ ń lọ wo fèrèsé kó tó gbà pé òjò ń rọ̀. Mo mọ ọmọ yẹn. Bí o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí ayé ni yóò máa wò ó.

O ní ọ̀rọ̀ náà kò jáde lẹ́nu rẹ. Mo ti sọ ọ́ fún ọ. Ìwé kejì wà pẹ̀lú èyí, Jọmílójú ló ni ín. Má kọ́kọ́ dá a kà. Mú un jókòó lọ́sàn-án, lẹ́yìn tó bá ti jẹun, kí o kà á sókè. Ibi tó bá le, má fò ó.

Ìyá rẹ


Iléṣà
23 Oṣù Kọkànlá, 2025

Jọmílójú, ọmọ Humairah,

Màmá Iléṣà ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ ń ka ohun tí mo sọ. Èyí tí kò bá yé ọ, kó túmọ̀ rẹ̀.

Ìyá rẹ kú. Kò lọ sí Òṣogbo. Kò sí níbì kankan tó ti lè pè ọ́. Ó ṣàìsàn lóṣù karùn-ún, àìsàn náà ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì kú lọ́jọ́ Ajé, láàárọ̀. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ni wọ́n mú ọ lọ kí o má baà rí i.

Ẹni tó kú kì í padà. Kì í ṣe pé ó kọ̀. Kò lè ṣe é ni. Nítorí náà, má wí mọ́ pé ìyá rẹ kò fẹ́ wá. Bó bá wà láyé ni, ilẹ̀kùn kò lè dá a dúró.

Bàbá rẹ purọ́ fún ọ. Èmi ni mo ní kó pa á. Mo rò pé mo ń dáàbò bò ọ́. Mo ṣì í ṣe. Àgbà náà máa ń ṣìṣe. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí.

Eré ehoro, máa wò ó bó bá wù ọ́. Ìyá rẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré ni.

Ohun tí o bá fẹ́ mọ̀, bi bàbá rẹ báyìí. Yóò dá ọ lóhùn, mo ti sọ fún un.

Màmá Iléṣà


Columbus, Ohio
30 Oṣù Kọkànlá, 2025

Màámi,

Mo kà á fún un lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bí ẹ ti wí. Nígbà tí mo dé “Ìyá rẹ kú”, mo ká ìwé náà pọ̀. Òun ló ní, “Dádì, máa kà á.” Mo kà á délẹ̀.

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Kò mọ Yorùbá kà, ṣùgbọ́n ó fi ìka wá orúkọ rẹ̀, ó wá orúkọ ìyá rẹ̀, ó rí méjèèjì. Ìgbà náà ló tó gbà pé ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kà.

Ó bi mí bóyá ó dun ìyá òun. Ó bi mí ẹni tó wẹ̀ ẹ́. Ó bi mí ibi tó wà. Mo dá a lóhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣé Mọ́mì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ehoro ti kú?” Mo ní Humairah gbà bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ kan kú kó tó wá sí ìlú yìí, pé nítorí rẹ̀ ló fi fẹ́ràn eré náà. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, “Gbogbo yín lẹ mọ̀.” Ó wá sunkún. Ẹkún náà pọ̀, Màámi. N kò ní kó dákẹ́. Mo bá a sun ún.

Lónìí a lọ sí itẹ́ òkú. Ó jókòó lórí koríko, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. N kò súnmọ́ ọn.

Kí n tó fi ìwé yìí ránṣẹ́, mo ní kó kí yín. Ó ní òun kò kí yín. Ó ní ẹ purọ́, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Mo fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n mo rántí ohun tó wà nínú ìwé yín. Ẹ forí jì í.

Akínkúnmi


Iléṣà
5 Oṣù Kejìlá, 2025

Akínkúnmi,

Kí ni n ó forí jì í fún? Mo ní kó bínú sí mi, ó gbọ́ràn. Má fipá mú un kí mi. Tíṣà ní ọmọ Yorùbá kì í kọ̀ láti kí àgbà. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo yọ̀ǹda rẹ̀. Bó bá kí mi lọ́dún tó ń bọ̀, ó dáa. Bí kò bá kí mi, ó ṣáà ń jẹun.

Àlàájà ní kí ẹ pe òun lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní òun yóò gbé e.

Ó ku ohun kan kí Tíṣà tó pa bírò dé. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí yìí. Má wí fún mi pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bó ti wù kó pẹ́ tó, mo ń lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ pé mo ti kú, kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí o tó sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, mú Jọmílójú jókòó, kí o sọ fún un. Ikú ni kí o pè é. Bó bá fẹ́ wá, mú un wá. Àwọn ará ilé á ní ọmọdé kì í rí òkú àgbà. Má dá wọn lóhùn. Mú un wọlé wá bá mi níbi tí wọ́n bá tẹ́ mi sí, kó fọwọ́ kàn mí, kó mọ bí mo ti tutù tó. Kó bínú síbẹ̀ bó bá ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá padà délé, kí ó má sí ilẹ̀kùn kankan tí yóò dúró dè mí lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá rẹ